Àlùwàlá Ẹfọ̀n

Ẹni tó bá ní àbúrò mi ò burú rí láyé ẹ̀, irọ́ ló ń pa. Èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú àwọn òbí wa, mo mọ ohun tí mo gbé sílé. Ẹfọ̀n ni gbogbo ilé ẹran ń pè é, torí tó bá forí sọ ènìyàn, onítọ̀hún á gbàgbé orúkọ ìyá tó bí i. Alápatà ni. Ó ti gé etí alápatà ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kan rí nítorí tábìlì tí wọ́n ń kó ẹran lé, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n. Nígbà tó jáde, mo bi í pé, "Ṣé o ti gbọ́n báyìí?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, etí kan ṣì kù lórí ẹ̀." Mo yọ bàtà, mo fi nà án títí bàtà fi já.

Èmi aránṣọ ni. Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí ilé Àáfà, ọ̀nà tóóró kan ló là wá láàárín. Tí Àáfà bá ń kọ́ àwọn ènìyàn ní kéwú, mo máa ń gbọ́ ọ látibi ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé báyìí kọ́ ló ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìfọ́tí ló mú àwọn méjèèjì mọra. Àáfà lọ ra ẹran láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá Ẹfọ̀n tó ti so màlúù mọ́lẹ̀, tó wá dúró níwájú ẹ̀, tó ń pọ́n ọ̀bẹ. Àáfà ní, "Ọmọ mi, ẹran yẹn ń wò ọ́. Àwọn àgbà onímọ̀ ní ká ti pọ́n ọ̀bẹ ká tó mú ẹran wá, ká má sì pọ́n ọn lójú ẹ̀. Ẹ̀mí lòun náà ní." Àbúrò mi na ọwọ́, ó sì gbá bàbá àgbàlagbà létí. Bàbá ṣubú lulẹ̀, láwàní ẹ̀ sì bọ́ sínú gọ́tà ẹ̀jẹ̀.

Àáfà fọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde, ẹ̀jẹ̀ ń kán lẹ́nu ẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. O ti gbá mi, ìyẹn ti tán. Ṣé wàá lọ pọ́n ọ̀bẹ náà lẹ́yìn ògiri, àbí o ò ní lọ?" Wọ́n ní Ẹfọ̀n mú ọ̀bẹ, ó lọ sẹ́yìn ògiri.

Ọjọ́ yẹn ló gbé láwàní ẹlẹ́jẹ̀ wá bá mi pé kí n bá òun fọ̀ ọ́. Mo ní kó fọ̀ ọ́ fúnra ẹ̀, ṣé èmi ni mo gbá arúgbó létí? Ó fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ ẹ̀ fi bó. Nígbà tó gbé e sọdá, mo dá ẹ̀rọ dúró, mo ń yọjú. Mo rò pé ilẹ̀kùn ni wọ́n á tì mọ́ ọn lójú. Àáfà gba láwàní, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fọwọ́ hàn án lórí ẹní, ó ní, "Jókòó." Bẹ́ẹ̀ ni gìrìpá ọkùnrin tí irùngbọ̀n ti kún ojú ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ alífù, báà.

Yàrá kan wà lẹ́yìn pálọ̀ Àáfà tó jẹ́ pé ìwé ló gbé e ró. Àlùkùránì aláfọwọ́kọ wà níbẹ̀, ìwé àwọn onímọ̀ àtijọ́ sì wà níbẹ̀ tí olùkọ́ Àáfà fúnra ẹ̀ dà kọ, tó kọ ọ́ títí ojú ẹ̀ fi fọ́. Tí Àáfà bá fẹ́ dárúkọ ọ̀kan nínú àwọn àgbà yẹn, á kọ́kọ́ tẹrí ba, á ní kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, kó tó wá sọ ohun tí wọ́n sọ. Ẹni tó ti kú láti ayé ọjọ́un o! Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Aránṣọ, ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?" Mo ní ìyá àgbà kan ni. Ó ní, "Tí wọ́n bá dárúkọ ẹ̀, ṣé o kì í kí i kú iṣẹ́?"

Òfin kan ló fún Ẹfọ̀n: ẹ̀jẹ̀ àti ìwé ò gbọdọ̀ pàdé. Tó bá ti ilé ẹran bọ̀, kó wẹ̀, kó pààrọ̀ aṣọ, kó ṣe àlùwàlá níbi àgbá omi tó wà lẹ́yìnkùlé, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lọ́jọ́ kan ẹ̀jẹ̀ bíńtín kù sábẹ́ èékánná ẹ̀. Àáfà rí i. Ó ní kó padà sídìí àgbá. Ó ṣe àlùwàlá tán, Àáfà ní, "O kánjú. Ìyà lo fi ń jẹ omi. Padà lọ." Mo gbọ́ tí Ẹfọ̀n ń mí gúlegúle, mo ní ó tán, ó máa gbá bàbá yìí létí lẹ́ẹ̀kejì. Àmọ́ ó padà lọ. Látọjọ́ náà, àbúrò mi ò tún kánjú lórí àlùwàlá mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló wá ń wá láyé. Àáfà sọ fún un pé tó bá ka ìwé òfin ẹ̀sìn kan báyìí parí lójú òun, bí òun ṣe kà á parí lójú olùkọ́ òun, tí ìyẹn náà kà á lójú olùkọ́ tiẹ̀, á di ọ̀kan nínú wọn, á sì lè kọ́ ẹlòmíì. Ó ní àwọn olùkọ́ yẹn so mọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, orúkọ tiẹ̀ náà á wọ inú ẹ̀wọ̀n náà. Ẹfọ̀n ní, "Àáfà, ẹ̀wọ̀n ni mo ṣáà ti ibẹ̀ bọ̀." Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré lójú Ẹfọ̀n. Wọ́n ti kọ orúkọ ẹ̀ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ti kọ ọ́ sí kóòtù, kò tíì síbi rere kan tí wọ́n kọ ọ́ sí. Àáfà sì ń darúgbó, agbárí Ẹfọ̀n sì nípọn. Ọdún ń gorí ọdún, orí ìmọ́tótó tó wà níbẹ̀rẹ̀ ìwé ni wọ́n ṣì wà. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ṣé orí omi lẹ ṣì wà? Ẹja ì bá ti kà á tán." Á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà máa gbàdúrà kí Àáfà pẹ́."

Ìgbà náà ni Onípákó kú. Olówó ni, òun ló ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la igi lópin àdúgbò. Ó fi ìyàwó sílẹ̀, ó fi àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀, ó sì fi ọkùnrin mẹ́ta sílẹ̀ tí ojú wọn pọ́n ju ìdí iná lọ. Àwọn ọkùnrin ní ọmọbìnrin ò ní jogún kankan, ilé ọkọ ni kí wọ́n lọ jẹun. Ẹbí ránṣẹ́ pe Àáfà. Ó gbé ìwé lọ, ó ṣí i lójú gbogbo wọn, ó sì pín ogún náà: ti ìyá rèé, ti ọmọbìnrin rèé, ti ọkùnrin rèé. Àkọ́bí Onípákó fò dìde, ó ní, "Ta ló kọ ìyẹn?" Àáfà ní, "Ọlọ́run ló pín in. Àwọn àgbà kàn bá wa ṣírò ẹ̀ ni."

Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní nìyí. Ìpín yẹn wà nínú Àlùkùránì tó wà lórí pẹpẹ pálọ̀ bàbá tiwọn gan-an! Wọn ò ṣí i rí, eruku ni wọ́n ń fi bò ó. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká bí ọmọ tí ò ní láákàyè.

Wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀bùn wá kí Àáfà lè yí ọ̀rọ̀ padà. Ó dá a padà. Wọ́n wá sọ òkúta lu fèrèsé ẹ̀. Nígbà tó ń ti ìrun àsùbáà bọ̀, wọ́n na ìyàwó ẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, níṣojú ẹ̀. Wọ́n ní tó bá fi máa di Jímọ̀, tí kò bá lọ sọ fún ẹbí pé òun ṣìwé kà, ìwé ọ̀hún làwọn máa fi dáná.

Ẹfọ̀n gbọ́, ó gbé ọ̀bẹ. Mo ní kó pa wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀, mi ò kábàámọ̀ ẹ̀, obìnrin arúgbó ni wọ́n nà! Àáfà pàdé ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọ̀bẹ yẹn, ilé ẹran ni ibùgbé ẹ̀. Tó o bá gbé e wọ àdúgbò yìí nítorí mi, má wá kàwé lọ́dọ̀ mi mọ́." Ẹfọ̀n dá ọ̀bẹ padà.

Àwọn ọmọ Onípákó ò dúró de Jímọ̀ tí wọ́n dá, ọjọ́ Alámísì tó ṣáájú ẹ̀ ni wọ́n dé, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ọkọ̀ akẹ́rù wọn ló fi ẹnu sí ọ̀nà wa. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá irin àti kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò, wọ́n sì fẹsẹ̀ fọ́ ilẹ̀kùn Àáfà. Mo gbọ́ ìró irin lára ènìyàn. Ẹ má jẹ̀ẹ́ gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ láyé yín. Màmá figbe ta. Mo mú sísọ́ọ̀sì mi, mo sáré sọdá, mò ń pariwo pé kí wọ́n bá mi pe Ẹfọ̀n. Èyí àbígbẹ̀yìn wọn ta mí nípàá sínú gọ́tà, ibẹ̀ ni mo ti gún un ní itan, tí mo sì yí sísọ́ọ̀sì náà po kí n tó fà á yọ.

Ẹfọ̀n dé. Aṣọ ilé ẹran ló wà lọ́rùn ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ màlúù dé ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀, kò mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ó forí sọ ẹnì kejì wọn, imú ìyẹn fọ́ pátápátá. Wọ́n la irin mọ́ ọn lórí, awọ orí ẹ̀ ṣí, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó di apá Àkọ́bí mú, ó gbé orúnkún sí i, ó sì ṣẹ́ ẹ bí igi ìdáná. Mo gbọ́ bó ṣe ké. Inú mi dùn. Àmọ́ wọ́n ti da bẹntiróò sí pálọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti ṣáná sí i. Wọ́n wọ́ ara wọn lọ sínú ọkọ̀, wọ́n sá.

Mo gba fèrèsé ẹ̀gbẹ́ fa Màmá jáde. Níbẹ̀ ni mo ti rí inú ilé. Pálọ̀ ń jó, iná ti mú àjà, ṣùgbọ́n kò tíì dé yàrá ìwé. Àyè wà. Mo fi Ọlọ́run búra, àyè wà! Àáfà wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, wọ́n ti dá a lẹ́sẹ̀, orí ẹ̀ ti fọ́. Ó ń pariwo pé, "Kó ìwé! Ẹfọ̀n, kó ìwé, kó o tó gbé mi!"

Ẹfọ̀n ti gba inú iná wọlé. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí ìwé. Ìgbà yẹn ló rí ọwọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ màlúù, ẹ̀jẹ̀ Àkọ́bí, ẹ̀jẹ̀ òun alára. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó yí padà, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde lọ sídìí àgbá omi.

Mo sáré gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ bá a, mo rò pé omi tó máa fi pa iná ló fẹ́ bù. Mo ti ń wá garawa fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Bísímílláhì," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọwọ́.

Mo ní, "Kí lò ń ṣe?"

Ó ní, "Mi ò ní àlùwàlá, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ilé ń jó! Àáfà wà nínú ẹ̀!"

"Mi ò lè fi ẹ̀jẹ̀ kan ìwé Àáfà." Ó ń sunkún. "Ẹ fi mí sílẹ̀, mi ò ní pẹ́."

Mo fa aṣọ ẹ̀ ya. Mo lù ú lẹ́yìn, mo bú u, mo ní orí ẹ̀ ò pé. Ta ló lè fa ẹfọ̀n? Ó yọ ẹnu, ó fín omi símú, ó bọ́jú. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti orí ẹ̀ ṣàn wá tún bo ojú náà. Ó ní kò mọ́, ó tún un bọ́. Ẹ̀jẹ̀ tún ṣàn. Ó tún un bọ́. Àáfà ń ké nínú ilé, a ò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́, ariwo iná ti bò ó. Ẹfọ̀n dé apá, ó pa orí, ó dé ẹsẹ̀, ó rọra ṣe é gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Nígbà tó dìde, tó sáré, àjà yàrá ìwé wó lulẹ̀ lójú wa.

Kò dúró. Ó wọnú ẹ̀ lọ. Mo ti ń ké pé mo ti di ẹni tí ò ní àbúrò nígbà tó jáde, tó pọn Àáfà sẹ́yìn. Aṣọ Àáfà ń jó mọ́ ọn lára. Ìwé kan ṣoṣo ló wà lábíyá Àáfà, ó fún un mọ́ra débi pé àwa méjì la jọ yọ ọ́. Gbogbo ìyókù jóná.

Wọ́n tẹ́ Àáfà sílé ìwòsàn, inú ló dùbúlẹ̀ lé torí pé kò sí awọ lẹ́yìn ẹ̀ mọ́. Ẹfọ̀n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti rán orí ẹ̀, kò gbé ojú sókè. Ó ń sọ ṣáá pé, "Àáfà, ẹ dárí jì mí. Mo pẹ́. Mo pẹ́." Lọ́jọ́ kejì, Àáfà ní kó gbé ìwé náà wá.

Ìwé tí wọ́n jọ ń kà ni. Ó ní, "Kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀ yẹn?"

Ẹfọ̀n ní, "Ẹ̀jẹ̀ ni, Àáfà. Ojú ìka ni."

"Ìka ta ni?"

"Tiyín ni, Àáfà."

"Ṣé mo ṣe àlùwàlá kí n tó gbé e?"

Àáfà ní kí Ẹfọ̀n ṣí ìwé. Ó ní kó kọjá ibi tí wọ́n ti ń kà á bọ̀, kó ṣí i síwájú díẹ̀ sí i. Ó ní kó kà á sókè, kó sì máa túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe kọ́ ọ. Àbúrò mi fi ìka sábẹ́ ìlà, ó ń kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní ẹni tí ò ní àlùwàlá, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan Ìwé Ọlọ́run. Ó mí. Ó ní àfi tí iná bá fẹ́ jó o. Àfi tí omi bá fẹ́ gbé e lọ. Ó ní kí onítọ̀hún gbé e nígbà náà bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe wà, kò gbọdọ̀ dúró wá omi, ọ̀ranyàn ni.

Ó tún un kà. Ó wá ké. Mo ti gbọ́ igbe màlúù, mo ti gbọ́ igbe ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ́ apá ẹ̀, mi ò gbọ́ irú ìyẹn rí. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó rò pé Àáfà ló kú.

Àáfà na ìka kan kàn án lórí, ibi tí wọ́n rán. Ó ní, "Gbọ́ mi. Àwọn bàbá yẹn ti rò ó kí wọ́n tó bí baba ńlá ẹ. Wọ́n jókòó, wọ́n ní, tí ẹnì kan bá dúró níwájú iná, tẹ́jẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ṣàánú ẹ, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ dè ọ́. Èmi ni mo dá ẹ dúró sídìí omi pẹ́ jù. Mo kọ́ ẹ ní ọ̀wọ̀, mi ò tètè kọ́ ẹ ní àánú tó wà nínú ẹ̀. Ẹ̀bi mi ni." Ẹfọ̀n ní rárá, rárá, ẹ̀bi òun ni. Àáfà ní, "Ṣé o fẹ́ bá mi jiyàn ni? Kàwé."

Ojoojúmọ́ ló kà fún un látìgbà náà, Àáfà ń tọ́ ọ sọ́nà láti orí ìrọ̀rí, ètè ẹ̀ wú. Wọ́n kúrò lórí omi, wọ́n wọ orí ìrun. Àmọ́ ikú ò dúró de ẹni tí agbárí ẹ̀ nípọn. Ọ̀rọ̀ tí Àáfà sọ fún un kẹ́yìn ni pé, "Ibi tó o kà dé lójú mi, tìẹ ni. Fi kọ́ ènìyàn." Kò tó ìdajì ìwé.

Ọlọ́pàá ti kó àwọn ọmọ Onípákó nígbà yẹn. Àáfà mìíràn wá láti ìlú kejì, ó ṣí ẹ̀dà ìwé tiẹ̀, ìpín kan náà ló bá níbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin gba tiwọn. Wọ́n kàn jó ilé ẹni ẹlẹ́ni lásán ni.

Láàárọ̀ tí Àáfà kú, Ẹfọ̀n wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ojú ẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi ní sísọ́ọ̀sì yẹn." Àkọ́bí ṣì wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, kò jìnnà. Mo gbé sísọ́ọ̀sì pa mọ́ sẹ́yìn, mo ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Ó ní, "Aṣọ funfun tí a máa fi sin Àáfà ni mo fẹ́ gé."

Mo bá a gé e. Ilé àwọn ọmọ Àáfà ni wọ́n gbé òkú ẹ̀ lọ, Ẹfọ̀n sì bẹ àwọn ẹbí pé kí wọ́n jẹ́ kóun wà lára àwọn tó máa wẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbà. Èmi àti Màmá jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, à ń gbọ́ omi. Wọ́n ń dà á díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó kánjú. Màmá ò tíì sunkún látọjọ́ iná. Ó ṣe, a gbọ́ ohùn àbúrò mi láàárín omi, ó rọra ń sọ ọ́ bí ìgbà tó bá ti ilé ẹran dé, tó fẹ́ wọlé wá kàwé.

Ó ní, "Àáfà, mo ti fọwọ́ o. Ọwọ́ mi ti mọ́."

Màmá bú sẹ́kún. Ẹfọ̀n tún un sọ, bí ẹni tó ń dúró kí Àáfà ní kó jókòó.